Ẹni Tí Wọ́n Ṣẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni inú Olúyẹ́misí fi dùn, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò gbà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ọdún méjìlá ló ti fi ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wọn l'Ádó, àwọn bàbá tó jù ú lọ pàápàá a sì máa wo ilẹ̀ bó bá fẹ́ béèrè ìbéèrè. Ṣùgbọ́n Adédoyin, àbúrò rẹ̀, ti padà wálé, obìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń le koko ti wá ń kọrin nídìí ààrò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Adédoyin nígbà tí ìyá wọn kú. Olúyẹ́misí, tó jẹ́ àkọ́bí, ló gbà á tọ́. Ó wẹ̀ ẹ́, ó di irun rẹ̀, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán tí kò ní kókó, ó sì kọ́ ọ ní Bíbélì. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ọmọ bí, nítorí náà ọmọ tó ní nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Adédoyin, tó ń ránṣọ ládùúgbò Fájuyì l'Ádó, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ kan jọ́sìn ní Ìgèdè-Èkìtì. Àwọn yẹn gba Bíbélì, wọ́n gba Jésù pàápàá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀dá ni, pé ìránṣẹ́ tó ga jù lọ nínú àwọn tí Ọlọ́run rán ni, kì í ṣe Ọlọ́run. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúyẹ́misí gbé oúnjẹ rẹ̀ tì. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sọ Jésù di ìránṣẹ́ lásán ti sọ Olùgbàlà nù, ọmọ tí òun sì fi ọwọ́ ara òun tọ́ ló ń rìn lọ sínú òfò yẹn. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí Adédoyin tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ni Jésù.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìjọ Olúyẹ́misí àti ẹgbẹ́ Ìgèdè jókòó papọ̀ láti fọ̀rọ̀ wérọ̀ ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, Adédoyin wọlé lọ́jọ́ Ajé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sísì mi, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ níbi tí mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ́ mi."

Olúyẹ́misí ni ìjọ rẹ̀ ti yàn láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó jẹ́ àsìkò yìí gan-an ni ọkàn ọmọ náà kò balẹ̀. Tíṣà tó lè mọ ọmọ tó jí ìwé wò níbi ìdánwò láti ẹ̀yìn kíláàsì, kò béèrè nǹkan kan. Ó fà á dìde, ó gbá a mọ́ra, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n bá a rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adédoyin a máa dé lẹ́yìn tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, a máa bó iṣu, a máa béèrè ọ̀rọ̀, a sì máa kọ ìdáhùn sínú ìwé kékeré kan. Ìbéèrè rẹ̀ mú. Olúyẹ́misí fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ní àwọn ènìyàn wólẹ̀ fún Jésù, kò sì dá wọn dúró," ni Adédoyin wí lọ́jọ́ kan. "Ṣùgbọ́n l'Ádó níbí, ta la kì í wólẹ̀ fún? Àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, fún àna, fún ẹni tó fi oṣù méjì jù wọ́n lọ. Èmi náà kúnlẹ̀ fún yín nígbà tí mo wọlé. Ṣé Ọlọ́run ni yín ni?"

"Ọlọ́run tí orúnkún ń dùn," ni Olúyẹ́misí dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀. "Gbọ́. Ká ní àlejò kan dé ààfin, kò mọ ọba rí, ó bá ìránṣẹ́ tó wọ aṣọ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ó nà gbalaja, ó ń kí i ní Kábíyèsí. Kí ni ìránṣẹ́ yẹn máa ṣe?"

"Á sáré gbé e dìde."

"Tí kò bá gbé e ńkọ́? Tó dúró, tó gba oríkì ọba sára?"

"Wọ́n á lé e kúrò láàfin."

"Ó dáa. Kọ̀nẹ́líù wólẹ̀ fún Pétérù, Pétérù sáré gbé e, ó ní ènìyàn bíi tirẹ̀ ni òun. Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì ní kó má dán an wò. Tọ́másì wá pe Jésù ní Olúwa òun àti Ọlọ́run òun, lójú rẹ̀, Jésù ò gbé e dìde. Yálà kó jẹ́ pé ìránṣẹ́ tó ń jí ipò ọ̀gá rẹ̀ ni, tàbí kó jẹ́ pé òun ni ọba."

Adédoyin kọ ọ́ sílẹ̀. "Níbo ni ti Pétérù yẹn wà?"

"Ìwé Ìṣe àwọn Àpóstélì, orí kẹsàn-án."

Iyán ló gbà á lọ́kàn. Orí kẹwàá ni. Nígbà tí wọ́n jẹun tán tí Adédoyin ti lọ ló rántí, ó sì tún un ṣe nínú ìwé tirẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, nítorí ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́lé, Adédoyin gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí àwọn ará Ìgèdè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Olúyẹ́misí rò ó, ó rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí wọn bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun ń bá òun gbèrò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ìpàdé náà bọ́ sí, Adédoyin ní òun ní aṣọ tí òun fẹ́ kọ́kọ́ gbé lọ fún oníbàárà, pé káwọn pàdé lọ́hùn-ún. Olúyẹ́misí àti bàbá Ayọ̀rìndé, àbúrò bàbá wọn tó kù láyé, jọ wọ takisí gba ìlú Ìyìn kọjá lọ sí Ìgèdè. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n pín àga sí ọ̀nà méjì, àlàfo wà láàárín. Olúyẹ́misí wá àbúrò rẹ̀ títí ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, kò rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Tolúlọpẹ́ ló sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ Ìgèdè, ọkùnrin tó ní ohùn tútù, tí kì í bínú. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí òun tó sọ tòun, òun fẹ́ sọ ohun tí àwọn àlejò àwọn fẹ́ sọ.

"Wọ́n á sọ ìtàn ìránṣẹ́ ààfin kan fún yín," ló wí. "Àlejò dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sáré gbé e dìde. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè, ọba ò ha ní ọmọ? Tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọba, ṣé ó máa gbé yín dìde? Kò ní gbé yín. Ṣé ìyẹn sọ ọ́ di ọba? Kò sọ ọ́."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Olúyẹ́misí ṣì ń tan ara rẹ̀ pé bóyá ọgbọ́n méjì ló kàn pàdé ara wọn.

"Wọ́n á tún mú Kọ̀nẹ́líù wá," ni Tolúlọpẹ́ ń bá a lọ, "wọ́n á ní ẹ ṣí orí kẹsàn-án ìwé Ìṣe àwọn Àpóstélì. Ẹ ṣí i. Ẹ ò ní bá Kọ̀nẹ́líù níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́ wa ní ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, wọn ò mọ orí tí ọ̀rọ̀ wọn wà."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Olúyẹ́misí ti mọ̀. Orí kẹsàn-án. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ kọjá àlàfo, ó sì rí Adédoyin ní ìlà kejì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wé gèlè tí òun rà fún un, ó gbé ìwé kékeré náà sórí itan.

Ó dùn ún, ẹ má jẹ́ ká máa fọ̀rọ̀ pamọ́. Ó dùn ún ju ikú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀ kú, ṣùgbọ́n èyí, iṣu ló ń bó lójú òun, ẹ̀rín ló ń bá òun rín, iyán òun ló ń jẹ, ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ látinú ìfẹ́ ló ń dì lọ fún àwọn tí yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kún tí òun sun lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ló tì í lójú jù.

Nígbà tí wọ́n pè é, ó dìde, ó ṣí ìwé rẹ̀. Kò sí ojú ewé kan tí Tolúlọpẹ́ kò tíì gbà kọjá. Ó mọ̀ pé ìdáhùn wà sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọba yẹn, ó ti kọ́ ọ nínú kíláàsì rí, ṣùgbọ́n kò rí i mú. Ó ní, "Mo dúpẹ́ pé ẹ pè wá," ó sì jókòó. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni bàbá Ayọ̀rìndé mú Adédoyin wá sílé Olúyẹ́misí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹbí náà nìyẹn: àgbà a mú ẹni tó ṣẹ̀ wá, a bá a wí díẹ̀, a sì kéde pé ọ̀rọ̀ ti tán, gbogbo ènìyàn á lọ jẹun. Adédoyin kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó ní àwọn Ìgèdè ní kí òun lọ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ sọ, pé òun sì gbà nítorí òun fúnra òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà lè dúró tí wọ́n bá tì í. Òun kò mọ̀ pé wọ́n máa fi ẹ̀gbọ́n òun rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ayọ̀rìndé gbọ́ ọ tán, ó nu ẹnu. "Ọ̀rọ̀ ulé ni, ulé la ó ti parí ẹ̀. Adédoyin, o ò ṣe dáadáa, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti dárí jì ọ́. Ó ti tán. Dìde."

"Kò tán," ni Olúyẹ́misí wí.

Bàbá yíjú sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá náà lẹ́nu rí.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ta ló ṣẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ló tàn jẹ ni? Ṣé orúkọ yín ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní Ìgèdè? Èmi ni. Báwo lẹ ṣe fẹ́ dárí ohun tí wọ́n ṣe sí mi ji ẹni tó ṣe é, láìbi mí? Kò sí ẹni tó lè ṣe é láyé yìí, àfi ẹni tí wọ́n ṣẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tí òun sọ. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Adédoyin ló kọjú sí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Wọ́n gbé arọ kan wá síwájú Jésù. Kò mọ ọkùnrin náà rí. A ò gbọ́ pé ọkùnrin náà bú u tàbí pé ó jí nǹkan rẹ̀. Ó ní a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ ta?"

"Ọlọ́run lè rán ènìyàn pé kó lọ sọ fún un," ni Adédoyin wí jẹ́jẹ́.

"Ìránṣẹ́ á dárúkọ ẹni tó rán an. Á ní, 'Sísì rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti dárí jì ọ́.' Nígbà tí àwọn akọ̀wé ń kùn pé Ọlọ́run nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, Jésù kò sọ pé wọ́n rán òun ni. Ó ní òun ní àṣẹ ẹ̀, ó sì gbé arọ dìde lójú wọn. Ẹni tí ọkùnrin yẹn ṣẹ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, Adédoyin. Òun gan-an ni."

Bàbá Ayọ̀rìndé kò tilẹ̀ rántí bínú mọ́. Adédoyin wo ilẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Èyí, wọn ò ní rí i dáhùn," ló wí. "Èmi náà ò rí i dáhùn. Ọlọ́run ni, Sísì mi. Ọlọ́run ni Jésù." Ó fi orúnkún rìn sún mọ́ ọn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀, ẹ dárí jì mí."

Ọdún mẹ́ta ni Olúyẹ́misí ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu yẹn. Ó ti rò ó pé òun máa fò, pé òun máa pe àwọn ará ilé. Kò sí ìkankan. Ó wo ojú tó wà nísàlẹ̀ náà, ojú tí òun ti ń bọ́ fún un láti kékeré, ó wá òtítọ́ níbẹ̀, kò mọ bó ṣe ń rí mọ́. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ jọ ti ọjọ́ Ajé yẹn.

Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Adédoyin.

"Ta ló rán ọ wá gbọ́ èyí?" ló bi í.