Dókítà Oníràwọ̀ Méjì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò mọ ohun táwọn èèyàn máa ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mi ni láti máa kà á láràárọ̀. Ẹni tó gbádùn ara ẹ̀ á kọ “Ó dáa,” á fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún, á bá tiẹ̀ lọ. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹni tínú ń bí gan-an ló máa ń ṣàlàyé. Obìnrin kan fún wa ní ìràwọ̀ kan péré, ó ní òtẹ́ẹ̀lì wa dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin kan tí kò rí oorun sùn láti oṣù tó kọjá gbé báàgì ẹ̀ dé, ó ní ibi tó dákẹ́ bí itẹ́ òkú lòun ń wá kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò mọ èyí. Ìràwọ̀ ni tiẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá wa kọ̀ tí kò wálẹ̀, òun ló wá dókítà kan rí lórí fóònù tó ní ìràwọ̀ márùn-ún, tí èèyàn tó lé ní igba sì ń yìn. Ohùn ẹ̀ ni gbogbo wọn ń yìn jù. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òótọ́ sì ni o. Mo ti pàdé ọkùnrin náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi la pákó. Ẹni tó bá dúró ti ẹ̀rọ ìlapákó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ohùn jẹ́jẹ́ ò kan irú wọn mọ́. Bàbá mi ò gbọ́ràn dáadáa, wọn ò sì ní gbà. “Ṣé mo dití ni?” ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì fajú ro. Kàkà kí wọ́n ní kéèyàn tún ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá di ká mi orí, alángbá ò lè bá bàbá mi du ipò.

Wọn kì í sì í jẹ́ kí n bá àwọn wọlé sọ́dọ̀ dókítà. “Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?” Ìta ni mo máa ń jókòó sí. Tí wọ́n bá jáde, màá bi wọ́n pé kí ni dókítà wí, wọ́n á ní, “Ó ní kò burú.” Ẹ̀ẹ̀mẹfà la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni kò burú, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ń ga sí i, dókítà sì ń fi oògùn kún oògùn. Lẹ́ẹ̀kẹfà yẹn, nọ́ọ̀sì kan gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí dókítà olóhùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Bàbá, ṣé òòyì máa ń kọ́ yín?” Bàbá mi mi orí. “Àbí kì í kọ́ yín?” Bàbá mi tún mi orí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ èwo ló kọ nínú méjèèjì.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Dókítà yẹn ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ò bá wálẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀. Bí bàbá mi ṣe ń mi orí lọ yìí, orí mímì ló máa pa wọ́n.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ká wá dókítà mìíràn.

“Oníràwọ̀ márùn-ún lo fẹ́ fi sílẹ̀? Kí lo tún ń wá, mẹ́fà?”

“Ẹni tí wọ́n ń bú ni mò ń wá.”

“Àbúrò mi, ṣé o sùn dáadáa?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka èébú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò wúlò: wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dá mi lóhùn, nọ́ọ̀sì wọn ń fọ́nnu. Ọjọ́ kẹta ni mo kan dókítà obìnrin kan tó ní ìràwọ̀ méjì. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: “Obìnrin yìí ń pariwo jù. Gbogbo àwọn tó jókòó síta ló gbọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe mí.” Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé: “Ìbéèrè kan náà ló bi mí lẹ́ẹ̀mẹta.” Ẹ̀kẹta ní: “Kí n tó lọ, ó ní kí n tún gbogbo ohun tóun sọ kà fóun, bí ọmọ iléèwé. Mi ò ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé.”

Mo gbá itan mi. Mo wá a títí bóyá ẹnì kan á sọ pé ó ṣi oògùn fún òun, tàbí pé kò wo òun dáadáa. Kò sí. Ariwo nìkan ni wọ́n rí sọ.

“Ó máa dójú ti bàbá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké,” ni mo fi dá a lóhùn. Mo wá sọ fún bàbá mi pé dókítà wọn lọ sinmi. Irọ́ ni. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Èèyàn méje la wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Bàbá mi wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo fa ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, àmọ́ mi ò tíì ṣí i tí ohùn fi ti inú yàrá jáde.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀! Ẹ jókòó síbí, ẹ kọjú sí mi!”

“Ó ti bẹ̀rẹ̀,” ni obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí.

“Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?”

Kẹ́kẹ́ pa. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

“Ẹ má mi orí fún mi o, Bàbá! Ẹnu lẹ máa fi dá mi lóhùn! Èwo lẹ lò láàárọ̀ yìí? Àwọ̀ wo ni?”

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi dáhùn, wọ́n sì pariwo bíi tiẹ̀, torí ẹni tí kò gbọ́ràn kì í mọ bí ohùn ara ẹ̀ ṣe tó. “Mi ò lo ìkankan.”

“Kí ló dé?”

“Ó ń jẹ́ kí n máa tọ̀ ṣáá.”

Wọ́n sọ ọ́ tán lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn kan tí wọ́n jọ la pákó, káwọn tó dìde, ìtọ̀ ti bọ́ sórí àga onílé. Àtìgbà yẹn, oṣù mẹ́ta, inú ihò ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń da oògùn àárọ̀ sí. Èmi tí mò ń ra oògùn náà, tí mò ń tò ó sínú ike lọ́jọ́ lọ́jọ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omi bọ́ lójú mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó fi àgbọ̀n lé orí ọ̀pá ẹ̀ kàn rọra wí pé, “Èmi náà.” Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

“Kò sí ìtìjú níbẹ̀, Bàbá!” ni dókítà ń wí. “Oògùn mìíràn wà tí kì í ṣèèyàn bẹ́ẹ̀! Ó yá, ẹ tún un sọ fún mi!”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Funfun kan láàárọ̀. Àwọn ò gbọ́dọ̀ fò ó. Tó bá ń yọ àwọn lẹ́nu, káwọn sọ ọ́, káwọn má dá a dúró fúnra àwọn. Káwọn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ó ku ọ̀kan!”

“Kí n lọ yẹ etí mi wò,” ni bàbá mi wí.

Nínú ọkọ̀, mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé mi lápá.

“Dúró ná. Obìnrin yẹn, gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́.”

Mo mi orí, mo tún rántí, mo ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, bàbá mi!”

“Lọ́jọ́ tí ìyá ẹ fẹ́ lọ,” ni wọ́n wí, “ó sọ nǹkan fún mi. O wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Mo mi orí fún un. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa bi ẹnikẹ́ni.” Wọ́n kọjú sí mi. “Kí ló wí?”

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí màmá mi kú sí ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn, ohùn wọn ò ju ti kòkòrò lọ mọ́, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí bàbá mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé wọ́n gbọ́. Mo rò pé ojú àwọn nọ́ọ̀sì ló ń tì wọ́n. Irọ́ tí mo máa pa ti wà lẹ́nu mi: màmá ní kẹ́ ẹ máa tọ́jú ara yín. Ta ló máa mọ̀ pé irọ́ ni? Àmọ́ bàbá mi na ọrùn, wọ́n kọ etí tó sàn díẹ̀ sí mi, wọn ò mi orí, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró.

Mo ti gíláàsì méjèèjì kí àwọn tó ń kọjá má bàa gbọ́. Mo sún mọ́ wọn.

“Wọ́n ní òtútù ń mú àwọn! Wọ́n ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì wá, kẹ́ ẹ di àwọn mú!”

“Òtútù?”

“Òtútù, bàbá mi!”

Wọ́n wo iwájú títí. “Mo sì jókòó sórí àga,” ni wọ́n wí.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí, pé mo ti ń bínú sí wọn láti ọjọ́ yẹn. Wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ sókè, ẹkún ti gba ohùn mi. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú mi bí ẹni ń nu ojú ọmọ kékeré, àmọ́ ọkàn wọn ò sí lọ́dọ̀ mi rárá.

“N kì bá tiẹ̀ dúró bọ́ bàtà,” ni bàbá mi wí. “Tòun ti bàtà ni ǹ bá fi gorí bẹ́ẹ̀dì yẹn.”