Irun Bẹ́lì Nínú Agolo Mílíìkì

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: mo jágbe mọ́ ìyá mi nítorí irun ẹṣin.

Oṣù kejì ni Màámi wá kí wa ní Amẹ́ríkà láti Ìbàdàn. Mo mú wọn lọ síbi iṣẹ́ mi, oko ẹṣin Mísíìsì Felicia ní Upper Marlboro. Mò ń ya irun Bẹ́lì, abo ẹṣin ńlá kan tó lóyún, irun sì ń fà tu mọ́ kọ́ọ̀mù. Ni Màámi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á nílẹ̀, wọ́n ń kó o sínú ọ̀rá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí! Ẹṣin nìyí o!"

"Sàláhúdéènì, gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ní í da irun aboyún sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni wá ṣà á?"

Mo kùn títí a fi délé ní Laurel.

Màámi padà sí Ìbàdàn tán, Bẹ́lì bímọ, ó sì kú lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ni mo ń fi ìgò fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà, mo sọ ọ́ ní Ọmọ́jọlá. Tó bá ti gbọ́ ohùn mi báyìí, eré ni. Àdàlù ni: ẹṣin lásán tí wọ́n ń gùn, tí kò níwèé, ni bàbá rẹ̀, Bẹ́lì nìkan ló níwèé. Òfin ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹṣin ńlá sílẹ̀ ni pé, bí òbí kan bá ti níwèé, wọ́n á gba àdàlù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi irun tó ní gbòǹgbò yẹ ìyá àtọmọ wò, kó lè dájú pé òun ló bí i. A sì ti sin ìyá. Kọ́ọ̀mù rẹ̀ náà, èmi fúnra mi ni mo fọ̀ ọ́ tónítóní. Mísíìsì Felicia kì í tọ́jú ẹṣin tí kò níwèé. Ó ní bí oṣù bá ti parí, òun á ta Ọmọ́jọlá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí ni mo tó rántí ọ̀rá Màámi. Mo pè wọ́n lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, irun ẹṣin yẹn ńkọ́? Ẹ ò tíì sun ún, àbí?"

"Èyí tó o tìtorí ẹ̀ jágbe mọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní kí n tún un sọ, kí n lè jìyà ẹ̀ dáadáa. Mo tún un sọ.

"Mo fẹ́ sun ún lóòótọ́. Ẹ̀rọ yín tó máa ń pariwo tó bá ti rí èéfín ló dẹ́rù bà mí. Wo agolo mílíìkì tó wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì."

Ibẹ̀ ló wà, wọ́n fi òwú so ó pọ̀, gbòǹgbò sì wà nídìí ẹ̀. Mo fa irun díẹ̀ tu lára ọmọ mọ́ ọn, mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà.

Àná ni ìwé dé. Ọmọ́jọlá ò lọ ibì kankan mọ́. Mo pe Màámi, mo kà á fún wọn: "Orúkọ, Ọmọ́jọlá. Ìyá, Bẹ́lì." Mo bú sẹ́kún. "Màámi, mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́."

"Alhamdulillah," ni wọ́n wí. "Irun tọmọ náà ńkọ́? Ṣé ò ń kó o jọ?"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi. Ọ̀rá tí mo ń kó irun Ọmọ́jọlá sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.