Ibi Tí Ààrò Kọjú Sí

Kápẹ́ńtà tó kan àwọn àpótí ilé ìdáná Ìyá Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní bí mo bá rò pé irọ́ ni, kí n ṣí táìlì ibẹ̀ wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, Ìyá Télọ̀ dúró níbi tí ògiri wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ògiri yẹn fi wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀. Ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn àlejò bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń kún pálọ̀, tí yóò máa sọ ìtàn fún wọn. Ìyá Télọ̀ á wà lẹ́yìn ògiri, nídìí ìkòkò. Ẹ̀rín nìkan ló máa ń gbọ́. Bó bá gbé àwo wọlé tó sì béèrè pé, “Kí lẹ ń rín?” wọ́n á ní, “Ẹ ti pẹ́ jù, ó ti kọjá.” Wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ wọn ní àwọn fẹ́ bá wọn tún ilé ṣe, nǹkan kan ṣoṣo ló tọrọ: kí wọ́n wó ògiri yẹn, kí ilé ìdáná àti pálọ̀ di ọ̀kan. Ó rò pé ìyẹn ti tó. Ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń rán aṣọ oníbàárà, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ àti kápẹ́ńtà.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ wá wò ó.” Kápẹ́ńtà ń fa ilà sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tuntun. “Síǹkì rèé. Ibi ìkòkò rèé. Tábìlì gíga máa wà láàárín, àwọn àlejò á jókòó sí i. Ààrò gáàsì rèé, lára ògiri ẹ̀yìn. A ti ri páìpù rẹ̀ mọ́lẹ̀ ká tó da sìmẹ́ńtì.”

Ìyá Télọ̀ lọ dúró níwájú ibi tí wọ́n sàmì sí fún ààrò. Ó ṣe bí ẹni tó ń ro ọbẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú. Gbogbo pálọ̀, gbogbo ibi tí ẹ̀rín yóò ti máa jáde, wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Kápẹ́ńtà.”

“Mà.”

“Ta lo bi léèrè kó o tó fa ilà yìí?”

“Bàbá ni, mà. Wọ́n fi ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí hàn mí.”

“Ó dáa. Ibi tí èmi fẹ́ dúró sí ńkọ́?”

Kápẹ́ńtà họ orí. Ó sọ fún mi pé ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti ń kan ilé ìdáná, òun kò sì bi ẹni tó ń dáná léèrè rí pé ibo ló fẹ́ kọjú sí.

Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ pa ilà rẹ́. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ nínú àpò rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fa ààrò tirẹ̀ sí àárín, níbi tí tábìlì gíga máa wà, ní ọwọ́ tí ẹni tó ń dáná yóò fi kọjú sí pálọ̀.

“Ìyá wọn, kí lò ń wá nílẹ̀?” Ọkọ rẹ̀ ti wọlé, ìwé ìròyìn wà ní abíyá rẹ̀.

“Mò ń gbé ààrò mi ni. Àárín ló máa wà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ó ti pẹ́ jù. Páìpù ti wà lábẹ́ ilẹ̀, oní-táìlì ń bọ̀ lọ́la. O ní ká wó ògiri, a wó o. Wàá máa gbọ́ gbogbo ohun tá a bá ń sọ.”

“Mo ti ń gbọ́ yín láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo fẹ́ máa rí yín.”

“Kí àlejò máa wo òógùn lójú rẹ?”

“Òógùn tí wọ́n ti ń jẹ látọjọ́ yìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó ti ń wá.”

Kápẹ́ńtà wúkọ́ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ọ̀rọ̀ yìí ti parí,” ló wí.

Gbólóhùn yẹn ló fi parí ọ̀rọ̀ lórí orúkọ àwọn ọmọ, òun náà ló fi parí ọ̀rọ̀ lórí ìsọ̀ ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbà nígboro. Ó sì máa ń parí lóòótọ́, torí Ìyá Télọ̀ á padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Lónìí, kò sí ọbẹ̀ lórí iná. Kò sì sí ògiri tí yóò gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ó mú òòlù àti irin ìfọ́lẹ̀ nínú àpótí kápẹ́ńtà.

“Gáàsì ti wà nínú páìpù yẹn?”

“Rárá, mà. A ò tíì so ó.”

“Ibo ló gbà?”

Kápẹ́ńtà wo Bàbá, ó wo Ìyá. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibẹ̀.

Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, eruku. Lẹ́ẹ̀kejì, eruku. Lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀ là.

“Ṣé orí rẹ dàrú ni?”

“Bóyá ni. Àmọ́ mi ò kọjú sógiri mọ́.”

“Tó o bá fọ́ ilẹ̀ yìí, má retí pé màá jókòó síbẹ̀!”

“Àga yín á máa dúró dè yín.”

Kápẹ́ńtà kúnlẹ̀ tì í. “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ́ ọ.”

“Rárá. Ìwọ wọn iwájú, kó o sọ ibi tí mo máa dé.”

Bó ṣe máa ń tú ojú aṣọ tí wọ́n rán wọ́ ló ṣe fọ́ ilẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, kò kúrò lójú ilà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Kò dúró. Ọkọ rẹ̀ jókòó létí fèrèsé, ó na ìwé ìròyìn bo ojú, kò sì ṣí ojú ewé kan títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tí ihò náà dé àárín, Ìyá Télọ̀ dìde, ó dúró síbi tí yóò ti máa dáná, ó gbé ojú sókè. Ó rí àga gbogbo, ó rí fèrèsé méjèèjì.

Ọkọ rẹ̀ ká ìwé ìròyìn, ó dé fìlà, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, pé ó ń fi ìka kan ara ògiri bó ṣe ń lọ kó má baà ṣubú. Ìgbà wo nìyẹn bẹ̀rẹ̀? Láti ìdí ìkòkò, ìró ilẹ̀kùn nìkan ló fi ń mọ̀ pé ọkọ òun ń jáde ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú á ti mọ̀.

Ó fẹ́ pè é. Kò pè é. Kò sì gbé òòlù sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sí ìta, kò wẹ̀yìn.