Ìwé Tí Mísì Thirlby Gbé Wálé

Ní Eldersham, èèyàn lè mutí yó kó sùn síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fojú fò ó. Ó lè kọ ìyàwó sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà di ohun ìgbàgbé láàárín ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba iwájú ẹlòmíì lórí ìlà, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn títí dọjọ́ ikú. Ogun ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi tò fún ẹran, tí wọ́n tò fún ẹyin, tí wọ́n tò fún èédú. Ogun parí, ó tún pé ọdún mẹ́fà lé e, wọ́n ṣì ń tò.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí wolé-wolé wọ ilé ìkàwé, tó ní ìwé kan lòun ń wá, ìlà ló kọ́kọ́ sọ sí Mavis Thirlby lọ́kàn. Ikú kọ́.

Ogún ọdún ni Mavis ti ń jókòó nídìí tábìlì yẹn. Ó ti lé lógójì, kò lọ́kọ, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ní Laburnum Road. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í ṣe ojúsàájú. Tí olórí ìgbìmọ̀ ìlú bá fẹ́ ìwé tí ẹlòmíì ti fi orúkọ sílẹ̀ fún, Mavis á ní kó lọ tò.

Ọ̀gbẹ́ni Garside ni wolé-wolé náà ń jẹ́. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, gbogbo alápatà àti oníwàrà ìlú ló ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, Mísì Thirlby. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má jẹ́ kó ta sí ẹnikẹ́ni létí. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó gba yàrá lọ́dọ̀ Ìyáàfin Oakes ní Mill Lane?"

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Íńdíà dé?"

"Òun náà ni. A gbé e lọ sílé ìwòsàn lánàá. Ṣànpọ̀nná ni."

Láti kékeré Mavis, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àìsàn yẹn nínú ilé ìkàwé.

"Gbogbo ohun tó fọwọ́ kàn là ń kó jọ," Ọ̀gbẹ́ni Garside ní. "A ti sun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìyáàfin Oakes ní ó yá ìwé kan lọ́dọ̀ yín, orí ibùsùn ló sì ti ń kà á nígbà tí ibà mú un. A tú gbogbo ilé, a ò rí i. Ọkùnrin náà ní òun ti dá a padà lọ́jọ́ Ajé, àmọ́ ó ń ṣèrànrán, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́."

Ọkùnrin náà mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí ilé ìkàwé fẹ́ẹ́ tì, òun fúnra rẹ̀ ló wọlé tó gbé ìwé náà sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, nǹkan wẹ́ẹ́rẹ́ kan ti sú sí i níwájú orí. Mavis rò pé oòrùn Íńdíà ló fà á. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, èyí tí gbogbo ìlú ń du. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà lórí ìlà rẹ̀, orúkọ ìyá Mavis sì wà ní ipò kọkànlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ Mavis ló sì kọ ọ́ síbẹ̀. Làkúrègbé ti so màmá náà mọ́ àga, ojoojúmọ́ ló ń béèrè ìwé yẹn. Mavis wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra ti ìwé náà sínú báàgì. Kò yọ káàdì rẹ̀ kúrò nínú àpótí àwọn ìwé tó wà níta. Ẹni tó bá wo àpótí yẹn, lójú tirẹ̀, ìwé ṣì wà ní Mill Lane. Ó rò pé tó bá di Àbámẹ́ta, òun á dá a padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.

Ní báyìí, ó fa káàdì náà yọ, ó sì fi hàn wolé-wolé.

"Kò tíì dá a padà," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á.

Ọ̀gbẹ́ni Garside mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bóyá ó ti sọ ọ́ nù. Ìwé kì í sábàá kó o ran èèyàn, kí n má parọ́ fún yín. Àmọ́ mi ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan án, kó tètè wá ká bupá àjẹsára fún un. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, upá lè pàdé àrùn náà lọ́nà, kó dá a padà. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú la ó kàn máa fi wò ó."

Ó dé fìlà, ó lọ.

Ẹ̀rù ba Mavis dé mùdùnmúdùn eegun. Síbẹ̀, ó ń tu ara rẹ̀ nínú. Àpá upá mẹ́ta ló wà lápá Màmá, òun náà sì ní tirẹ̀. Kò sẹ́lòmíì tó rí ìwé náà. Iná ló kù.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Màmá ń sùn nínú àga. Mavis fi ẹ̀mú gbá ìwé náà mú, ó sọ ọ́ sínú ààrò, ó dúró tì í títí ó fi di eérú. Ó ń fọ ọwọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ nígbà tí Màmá lajú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Bébà ni, Màmá."

"Bébà wo? Ṣé ìwé mi kọ́ lò ń sun yẹn?"

"Kì í ṣe ìwé yín. Ìwé ìjọba ni."

"Sun ún bó o bá fẹ́. Mo ti mọ ẹni tó pààyàn nínú ẹ̀. Pauline ò jẹ́ kí n kà á débẹ̀ tó fi sọ fún mi, ẹlẹ́nu bí agogo."

Mavis yíjú padà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Pauline wo?"

"Pauline mélòó la ní? Pauline Dack, ti ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ó wá tọrọ ṣúgà lọ́jọ́rú, ó rí ìwé lórí itan mi, ojú ẹ̀ ń ṣe wàì-wàì. Ó ní ipò kọkàndínlógójì lòun wà, pé kó tó kan òun, Gillian ọmọ òun á ti máa lọ síléèwé. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ní kó gbé e lọ. Ó dá a padà láàárọ̀ àná. Ó ní orí ikùn ọmọ lòun gbé e lé nígbà tóun ń fún un lọ́mú, pé ọmọ yẹn wúlò ju tábìlì lọ." Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré ni Gillian. Kò lápàá upá kankan. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìjọba kò fi tipá bupá fún ọmọdé mọ́, Pauline sì ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní fi nǹkan ya ọmọ òun lára.

Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Mavis ń ka á lórí ìka tó ṣì ń kán omi. Ó ronú pé kóun kọ lẹ́tà tí ò lórúkọ sí wolé-wolé, àmọ́ lẹ́tà náà ò ní dé kó tó di ọjọ́ Ajé. Ó jáde lọ sídìí tẹlifóònù ìgboro, ó gbé e sétí. Ó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin tó ń gba ìpè, ó rántí pé ọmọbìnrin yẹn mọ ohùn òun dáadáa, ló bá gbé e sílẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì ìlera.

Àṣírí ṣànpọ̀nná náà ti tú kó tó débẹ̀. Ìlà ti yí ilé náà ká dé ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wọn ti ká apá aṣọ sókè láti gba upá. Ẹ ò ní gba ohun tí Mavis ṣe gbọ́. Ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó lọ tò sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó rò ó. Ara ló ti mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fensom alápatà ló wà níwájú rẹ̀. "Mísì Thirlby, ìwé mi ńkọ́? Èmi ni mo wà nípò kìíní, oṣù méjì rèé."

"Kò tíì wọlé," Mavis dáhùn. Bó ṣe parọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn láàárín ọjọ́ kan.

Aago lu méjì. Ìlà rìn díẹ̀, ó dúró. Ó ṣe, aago lu mẹ́ta. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti iwájú sọ pé aago mẹ́rin ni wọ́n máa tì, pé ẹni tí kò bá kàn kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Wákàtí kan ààbọ̀ ni Mavis ti fi dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de búrẹ́dì. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lọ síwájú.

"Ẹ̀yin, ìlà là ń tò níbí o."

"Ẹ jẹ́ ó máa lọ, bóyá ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ pọ́n ju tiwa lọ."

"Mísì Thirlby kọ́ nìyẹn? Ẹni tó máa ń ní ká lọ tò!"

Ẹ̀rín bú lẹ́yìn rẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná, síbẹ̀ kò dúró. Nọ́ọ̀sì kan na apá dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ padà sẹ́yìn, Mísì. Gbogbo wọn ló ń kánjú."

Mavis fẹ́ sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jáde ketekete. "Ọkùnrin Mill Lane ti dá ìwé yẹn padà. Èmi ni mo gbé e lọ sílé. Mo sì parọ́ fún wolé-wolé. Ọmọ ìkókó kan ti fara kàn án."

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ẹ̀yìn ìlà. Ọ̀gbẹ́ni Fensom wo ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tó ti ń kan ti Mavis láti ìgbà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún mọ́ ṣòkòtò. Àwọn tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà sún sẹ́yìn, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Garside jáde wá. Kò bú u. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé Pauline ló ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ wo lọmọ náà fara kàn án?"

"Ọjọ́rú. Ìrọ̀lẹ́, mo rò."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ká ní ẹ ti sọ fún mi láàárọ̀..." Kò parí ẹ̀. Ó ní, "Dókítà ń tẹ̀ lé wa bọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kanlẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ èmi ló rí, kò ní ṣílẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o, títí dókítà á fi yẹ̀ yín wò. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Pauline ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú Gillian léjìká. Irun orí rẹ̀ rí wúruwùru, inú rẹ̀ sì dùn láti rí i.

"Mísì Thirlby, Ọlọ́run ló rán yín wá. Omi tíì mi ti fẹ́ hó dà nù, ọmọ yìí ò sì jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀. Ẹ bá mi gbà á díẹ̀."

Ó na ọmọ náà sí i. Gillian rí ojú tó mọ̀, ó la ẹnu tí kò léyín, ó ń na ọwọ́ kéékèèké sí i.

Mavis kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Pauline rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún na ọmọ náà sún mọ́ ọn. "Ẹ gbà á, kò ní jẹ yín," ó wí. Ìgbà náà ló gbójú sókè, tó rí wolé-wolé lẹ́nu géètì.

Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ó rọra fa ọmọ rẹ̀ padà sáyà, ó sì ń wo Mavis, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀.