Iná Inú Ìran Ìyá Hilda

"Iná nìkan ni mo gbà," ni Ezekiel wí. "Èkejì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, Dókítà."

Dókítà Ọlábọ̀wálé rọra gbé àwòrán ẹ̀dọ̀ Ezekiel kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni dókítà yìí. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ Ítálì, ó sì gba ìsinmi wá sílé lọ́dún 1998 pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó fẹ́ fi ran àwọn ará ilé lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ gígùn wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Wọn a tì í bọ inú kókó jẹjẹrẹ tó wà nínú ẹ̀dọ̀, iná mànàmáná a sì mú un gbóná títí kókó náà yóò fi jóná síbẹ̀, láìla ikùn aláìsàn.

"Bàbá, ẹ tún gbọ́ mi," ni dókítà wí. "Kókó yín ti tóbi díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn á máa gbé ooru lọ. Àárín á jóná, etí rẹ̀ á ṣẹ́ kù, á sì tún máa dàgbà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ ki rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan itan yín dé ẹ̀dọ̀, kí n da oògùn sí kókó náà, kí n sì dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni iná."

"Ó yé mi, sà."

Ó yé e lóòótọ́. Ràdíétọ̀ mọ́tò ló ń tún ṣe ní Bẹẹrẹ. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú ràdíétọ̀, bó ti wù kí iná le tó, òjé yíyọ́ tó fi ń dí ibi tó jò kò ní mú un. Ó máa ń da omi nù kó tó tan iná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá yíyé.

Nígbà tí wọ́n jáde, Eunice ìyàwó rẹ̀ kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá Bọ́lánlé, ìdajì ìwòsàn lẹ fẹ́ gbà?"

"Iná ni Ìyá Hilda rí."

Ìyá Hilda ni àgbà aríran ìjọ Aládùúrà wọn ní Òkè Bọ́lá. Nígbà ààwẹ̀, kí Ezekiel tó sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyá náà rí i nínú ìran tí ó dùbúlẹ̀, iná kékeré kan wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì dìde. Ọjọ́ tí Ezekiel gbọ́ nípa ẹ̀rọ dókítà, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí rọ́bà nínú ìran náà, kò sí oògùn. Lójú tirẹ̀, bí ó bá fi nǹkan kún ohun tí Olúwa fi hàn, ó ti sọ fún Olúwa pé kò tó nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n nígbà náà," ni Eunice wí. "Ẹ̀yin ò kúkú sí nínú ojú wọn."

Wọ́n bá ìyá arúgbó náà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá wo Ezekiel látòkè délẹ̀.

"Nínú ìran yẹn, mi ò rí ṣòkòtò lára rẹ. Ṣé ìhòòhò lo máa wọ ọsibítù?"

Eunice yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni o."

"Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Fèrèsé ni Olúwa ṣí fún mi, kò wó ògiri. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Èyí tí kò fi hàn mí, ta ló sọ fún ọ pé Ó kọ̀ ọ́?"

Ezekiel tẹrí ba. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Bí mo bá gba méjèèjì tí mo sì yè, èwo ni n ó wí pé ó wò mí sàn?"

"Ìwọ ṣáà kọ́kọ́ yè ná! Afọ́jú tí Olúwa wa fi amọ̀ pa lójú, tó tún ní kó lọ wẹ̀ ẹ́ nínú adágún, nígbà tó ríran, ṣé amọ̀ ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí omi?"

Wọ́n rìn lọ sílé lábẹ́ òkè Màpó títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Ezekiel ti ní, "Ìyá Bọ́lánlé, ẹ bá mi wá ṣòkòtò tó mọ́."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí tábìlì, nọ́ọ̀sì ti fi oògùn nu itan rẹ̀. Dókítà sọ fún un pé òun kò lè ṣèlérí, pé ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ló fún wọn ní ìrètí jù. Ezekiel ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbàdúrà díẹ̀.

Ó gbàdúrà fún rọ́bà náà, pé kó má ṣìnà. Ó gbàdúrà fún oògùn, fún ẹni tó pò ó, fún ọwọ́ dókítà, fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dí. Kò tíì dárúkọ iná rárá tí nọ́ọ̀sì fi ní, "Bàbá, ẹ ṣe àmín o, dókítà ń dúró."

Ó ṣe àmín, ó sì na ẹsẹ̀ fún wọn.