Òtútù Ẹ̀gún

Lórí òkè wa yìí, òtútù kì í lọ lẹ́ẹ̀kan. Á lọ, á tún yí padà bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Tí igi olódòdó funfun bá tanná, òtútù kan á wá. Tí ẹ̀gún tó ń so èso dúdú bá tanná, èyí tó kẹ́yìn á dé. Òun là ń pè ní òtútù ẹ̀gún. Ẹni tó bá gbin ẹ̀wà kó tó kọjá, ìrì dídì ló gbìn ín fún.

Ẹ̀gbọ́n mi, Orlena, ni gbogbo àfonífojì wa máa ń bi bóyá ó ti kọjá kí wọ́n tó gbìn. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, èmi ni mo wá ń gun òkè lọ wo ẹ̀gún wá. Èmi náà ti di arúgbó, ó sì ń rẹ̀ mí. Mi ò ní tíì bọ́ bàtà tán, á ti máa pè mí láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Verdie, kí lo rí?"

"Ẹsẹ̀ béárì létí odò. Òun àtọmọ rẹ̀ ni."

"Ẹ̀gún ńkọ́?"

"Ti ìsàlẹ̀ ti tanná. Ẹ jẹ́ n jókòó ná, Ẹ̀gbọ́n."

"Wàá jókòó tó o bá kú. Ti òkè ńkọ́?"

Bá a ṣe ń gbé nìyẹn, títí ọmọ rẹ̀ Nadine fi gòkè wá láti ìlú nígbà ìrúwé èṣí. Ó wo orúnkún ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀ oko tí ẹnì kan ò tíì fọwọ́ kàn.

"Màmá, mo máa padà wá níparí oṣù. Tí mo bá bá ẹ̀wà tó ti hù níbí, mo dákẹ́. Tí mi ò bá bá a, ẹ ń bá mi lọ."

Ooru mú lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni dúró ti ààrò. Orlena ní kí n gbé ọkọ́ wá.

"Ẹ̀gún òkè ò tíì tanná," ni mo wí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ẹ̀gún?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Panu mọ́, kó o la ilẹ̀."

Mo mọ ohun tó ń lé e. Mo la ilẹ̀. Ó jókòó sórí garawa tá a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń ju ẹ̀wà sínú ihò. Hobert tó ń gbé lódìkejì odò rí wa, ló bá ké wá:

"Ìyá Orlena! Ṣé ó ti kọjá ni?"

Ẹyẹ pupa kan ń súfèé nínú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó ní, "Ó ti kọjá."

Báyìí ni gbogbo àfonífojì ṣe gbìn.

Ẹ̀wà hù, ó tẹrí ba bí ẹ̀wà ti máa ń ṣe. Ìgbà náà ni ẹ̀gún òkè wá tanná, ó funfun bí aṣọ tá a sá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, atẹ́gùn yí, ẹyẹ dákẹ́. Mo kó gbogbo aṣọ ìbùsùn ilé jáde, mo fi bo oko. Nígbà tílẹ̀ mọ́, aṣọ náà le bí pákó, ẹ̀wà abẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ewé tíì tá a ti sè.

Hobert wá dúró létí ọgbà.

"Ìyá, ẹ ní ó ti kọjá."

"Irọ́ ni mo pa, Hobert. Ẹ̀rù ló bà mí. Wá gba irúgbìn lọ́wọ́ mi."

Hobert yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyàwó mi ti sọ fún mi pé ẹ̀gún òkè ò tíì tanná. Mo ní ta ló bi í. Ẹ ò rí i pé n ò ní gbádùn nílé."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwa ò lè rẹ́rìn-ín.

Aṣọ ìbùsùn tí mo sá ṣì wà lórí ọgbà nígbà tí Nadine dé. Mo ní, "Nadine, a lè tún un gbìn."

"Fi í sílẹ̀, Verdie," ni Orlena wí. "Ẹ̀wà á tún hù. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ò ní hù níbí mọ́."

Ó wọkọ̀ Nadine fúnra rẹ̀.

Àtìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí lórí fóònù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sọ fún un nípa tannátanná àti òdòdó pupa etí odò. Nígbà tí ewé pọ́n, mo sọ bí béárì ṣe fa ẹ̀ka igi ya nítorí èso. Nígbà òjò dídì, mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́. O ò jáde ni."

Ni màá bá tún wọ bàtà. Ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni mo bá lẹ́yìn ilé.

Ìrúwé tún ti dé. Nírọ̀lẹ́ àná, Hobert dúró létí ọgbà.

"Ìyá Verdie, ṣé ó ti kọjá?"

Àǹtí ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n jókòó. Fóònù dún nínú ilé, mo wọlé lọ gbé e.

"Ti òkè ńkọ́?" ni Orlena wí.

"Mi ò tíì lọ. Ó rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó rẹ èmi náà," ló wí, "mi ò sì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀."

Mo jáde. Mo ní kí Hobert má tíì gbìn, kó bá mi mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.