Fèrèsé Tí Sùrájù Fi Ìṣó Kàn Pa

Ẹni tí oòrùn ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tó wá ń náwó lórí gílóòbù, kí la fẹ́ pè é? Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Sùrájù là ń pè é.

Ìwé ẹrù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ òkun á kó kọ̀ǹténà dé èbúté Àpápá, ilé-iṣẹ́ wọn á gba ìwé lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, Sùrájù á kà á, á tẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á fi ránṣẹ́. Nígbà tí owó ọ́fíìsì wọn ní Màrínà di ohun tí apá ò ká mọ́, ọ̀gá ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Inú Sùrájù dùn. Ó gbé tábìlì sí yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e, ó jókòó bí ọba.

Ọba inú àpótí ni. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi pákó dí i, tó kàn án ní ìṣó yí ká. Ní ọ̀sán gangan, èèyàn ò lè dá ìyá ẹ̀ mọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ka mẹ́ta sí mẹ́jọ. Nọ́ńbà kọ̀ǹténà ni. Ẹni tó ń retí táìlì gba ìwé ẹja dídì. Ẹja ẹlẹ́ja wà ní èbúté, ó ń dúró de ẹni tó ni ín.

Modúpẹ́, ọ̀gá rẹ̀, pè é lórí fídíò. Obìnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kéré.

"Ẹ̀gbọ́n Sùrájù, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà ńbí, màdáámù."

"Eyín yín nìkan ni mò ń rí. Ibo lẹ jókòó sí, inú kànga?"

"Yàrá iṣẹ́ mi ni, màdáámù."

"Ẹ wá iná sí i. Tí irú àṣìṣe yìí bá tún wáyé, màá gbé iṣẹ́ yín fún Ìbídùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa. Ojú tiẹ̀ ríran."

Sùrájù ti lé ní àádọ́ta ọdún. Qaanitah, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, kò sí ẹni tó máa gba òun síbòmíràn. Àyà rẹ̀ já. Orí rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́.

Ó kọ́kọ́ ra gílóòbù ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń sin adìyẹ fi ń mú òròmọdìyẹ móoru. Ó so ó sókè orí ara rẹ̀. Yàrá mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òógùn fi ń kán sórí ìwé ẹrù. Nítorí gílóòbù, ó tan fáànù. Nítorí fáànù, ó wá òkúta tí yóò fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Gílóòbù àti fáànù jọ jókòó ti mítà, wọ́n ń jẹ iná bí ẹni jẹ ẹ̀bà ọ̀fẹ́.

Àmúdàtù, ìyàwó rẹ̀, yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Qaanitah, ìgbà wo lẹ máa pamọ?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní ooru yìí tó pa ẹyin."

Lẹ́yìn èyí, ó ra iná róbótó tó dúró lórí ẹsẹ̀ gígùn, irú èyí tí àwọn tó ń kun ojú ìyàwó máa ń lò. Ó gbé e síwájú ara rẹ̀ gan-an. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọ inú awò ojú rẹ̀, ó di òrùka funfun méjì. Modúpẹ́ ní ó dà bí ológbò tí wọ́n tan iná mọ́tò sí lójú. Ojú ń ta á, omi ń dà níbẹ̀, bó bá sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, orí á máa fọ́ ọ. Ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ó lọ sí Ìdúmọ̀tà, ẹni tó ń ta iná pè é ní Alhaji, ìyẹn sì ti tó láti mú un ra ohunkóhun. Iná tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà bí rìbọ́ọ̀nù ni. Ọkùnrin náà ní kì í jẹ iná, kò sì parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé ó máa ń yí àwọ̀ padà nígbà tó bá wù ú.

Ó wù ú lọ́jọ́ tí Modúpẹ́ àti àwọn oníbàárà ń ṣe ìpàdé lórí fídíò. Sùrájù ń ṣàlàyé owó èbúté, ojú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó tẹ rìmóòtù, ó di pupa. Ó tún un tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Alàgbà," oníbàárà kan wí, "ta ni DJ yín?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Modúpẹ́ ò rín. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà gbogbo ìwé Sùrájù ránṣẹ́ sí Ìbídùn, kí ó lè máa fi kọ́ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Àmúdàtù wá dúró síwájú pákó.

"Ẹ ṣí fèrèsé."

"Mo ti búra."

"Ọlọ́run lẹ fi búra. Ṣé Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ fọ́jú?"

"Ìyá Qaanitah, fi mí sílẹ̀."

Ó yẹ kí a sọ ìbúra náà, bó tilẹ̀ ń tini lójú. Fèrèsé yìí kọjú sí àgbàlá tó wà láàárín ilé Sùrájù àti ilé Fàtáì, àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀. Lọ́dún Iléyá kan, ọwọ́ Sùrájù ò tẹ nǹkan, ó ra àgbò kékeré. Hàwáwù, ìyàwó Fàtáì, ń sá aṣọ nígbà tí wọ́n fà á wọlé. Ó wo ẹran náà láti orí dé ìrù, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyá ẹ̀ mọ̀ pé ó jáde?"

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Fàtáì pàápàá rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ẹran. Sùrájù wọlé, ó fi Ọlọ́run búra pé fèrèsé òun ò ní ṣí sí obìnrin náà mọ́ láyé. Ẹran náà ṣì wà lórí iná lọ́jọ́ ọdún nígbà tó ń kan pákó. Wọ́n fi ẹ̀rín bú u, ó fi òkùnkùn gbẹ̀san lára ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn ọmọ tó rẹ́rìn-ín nígbà náà ti ń gbéyàwó. Òun àti Fàtáì ń kí ara wọn ní mọ́sálásí, wọ́n jọ ń lọ sí ìsìnkú, wọ́n jọ ń jẹun níbi ìkómọ. Hàwáwù ń kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà, Sùrájù á sì fi imú dá a lóhùn. Fèrèsé nìkan ni ìjà kù sí.

Ó lọ bá Àlùfáà Zayd, tó ń darí ìrun ní mọ́sálásí wọn. Kì í ṣe pé ó ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ó fẹ́ kí Àlùfáà sọ pé ìbúra kì í ṣe ohun tí à ń tú, kí ẹnu Àmúdàtù lè pa dé.

"Ta lẹ búra lé lórí?" Àlùfáà bi í.

"Aya àbúrò mi ni."

"Kí ló ṣe fún yín?"

"Ó sọ̀rọ̀ sí àgbò mi."

"Àgbò?"

"Ọ̀rọ̀ náà le, Àlùfáà."

Àlùfáà wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fi orí há ẹnu ìkòkò. "Ẹni tó bá búra, tó wá rí ohun tó sàn jù ú lọ, kó ṣe èyí tó sàn, kó san ìtánràn ìbúra rẹ̀. Ẹ bọ́ aláìní mẹ́wàá. Ó parí."

"Ó parí báyẹn?"

"Àbí ẹ fẹ́ kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?"

Sùrájù fajú ro padà sílé. Ẹ̀sìn ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbéraga nìkan ló kù tó ń di pákó mú. Bí òun bá ṣí i, Hàwáwù á rí òun, á sì mọ̀ pé apá òun ò ká a mọ́. Nígbà tí Àmúdàtù béèrè ohun tí Àlùfáà sọ, ó ní Àlùfáà ní kí òun ṣì máa rò ó.

Ó ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí mítà ké pé owó inú òun ti ń tán. Ó ké, ó tún ké, iná lọ. Ó fi fóònù ra iná sí mítà. Owó lọ, nọ́ńbà tó máa tẹ̀ sí mítà ò dé. Inú òkùnkùn yẹn ló wà tí Modúpẹ́ fi pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, oògùn abẹ́rẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ti dé. Ìwé ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Òǹtẹ̀ ti bo nọ́ńbà lára ẹ̀dà tí wọ́n fún Ìbídùn, kò ṣe é kà. Tiyín ni ojúlówó. Tí kò bá wọlé kó tó di aago mẹ́ta, oògùn yẹn á bàjẹ́."

"Ó máa wọlé, màdáámù."

"Tí kò bá wọlé, ẹ má wulẹ̀ tan kọ̀ǹpútà lọ́la."

Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde sí iwájú ilé. Oòrùn bo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ń já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì ń kí i, wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n lé e jáde ni. Ó padà wọlé. Ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó tẹ̀ ba ìwé. Itọ́ rẹ̀ kán sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ òǹtẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ mẹ́jọ. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá méfò, òun ti parí ayé ara òun.

Ìlà oòrùn tín-ín-rín kan gba àárín pákó wọlé, ó la yàrá já. Lẹ́yìn pákó, ó ń gbọ́ ohùn Hàwáwù tó ń kọrin sí aṣọ tútù. Ọkùnrin náà jókòó pẹ̀lú itọ́ lẹ́nu, ó ń ṣèṣirò èyí tó tì í lójú jù.

Ó mú òòlù.

Ìṣó àkọ́kọ́ ké bí ẹran. Orin dúró.

"Ta nìyẹn?" Hàwáwù pariwo. "Olè wo ló ń já jáde lọ́sàn-án gangan?"

Pákó kan já, òmíràn tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ rọ́ wọlé. Fàtáì ti kun ògiri rẹ̀ ní ẹfun funfun láti ọdún tó kọjá, gbogbo agboolé ló sì mọ̀ àfi Sùrájù. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ara ògiri náà bọ̀, ó tutù, kò ta ojú. Hàwáwù dúró pẹ̀lú aṣọ tó ń ro omi lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó wá kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá wa, ẹ kú àbọ̀. Ìrìn àjò dára?"

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"A ń gbọ́. A rò pé eku ni."

Ó gbé ìwé sí ìmọ́lẹ̀. Mẹ́ta ni. Ó hàn kedere, ọmọdé á kà á.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ bo ojú kọ̀ǹpútà. Ó yí padà, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ń pajú.

"Ẹ kẹ̀yìn sí i bí ẹni tó ń yáná," Hàwáwù wí, "ẹ wá kọjú sí i bí alángbá. Ẹ jẹ́ kó ti ẹ̀gbẹ́ wọlé."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Rárá o. Aṣọ ni mò ń sá."

Àmúdàtù wọlé. Ó fa tábìlì yí sí ẹ̀gbẹ́, fèrèsé wá wà lọ́wọ́ òsì Sùrájù. Ó jáde. Sùrájù tẹ nọ́ńbà náà, ó tún un wò, ó fi ránṣẹ́. Aago mẹ́ta ò tíì lù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àmúdàtù lọ ra ìrẹsì ní ọjà Sandgrouse, ó sè é, wọ́n bọ́ aláìní mẹ́wàá. Sùrájù ra iná kékeré kan tó ní ọrùn, tó ń tan sórí ìwé nìkan, fún ìgbà tí òjò bá ṣú. Àmúdàtù gbé gílóòbù ńlá fún ẹni tó ń sin adìyẹ, ó ní kó lọ síbi tí wọ́n ti máa mọyì rẹ̀. Mítà fara balẹ̀. Fáànù náà sinmi, nítorí atẹ́gùn ń wọlé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Modúpẹ́ pè é lórí fídíò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín! Ẹ ti hewú báyìí?"

"Ó ti pẹ́, màdáámù."

"Mo ti ní kí wọ́n má fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Ìbídùn mọ́. Ẹ ṣe é dáadáa."

Ẹ̀rín bú látinú àgbàlá, ẹ̀rín gígùn, tí kò bìkítà fún ìpàdé ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Sùrájù lọ sí ojú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ tì í.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn?" Modúpẹ́ bi í.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé.

"Ìyàwó wa ni. Aya àbúrò mi."

"Ẹ bá mi kí i o."

"Ó ti gbọ́," Sùrájù wí.

Kò kí i. Ó dá ọwọ́ padà, ó fa ìwé tó kàn sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.